Ohun Tí Jẹ́ẹ́dé Kà Lára Ike

Winnipeg, Kánádà,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Ìyá mi,

Àsàláámù àlékùm. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ o, ẹ kú ìdúró ti iná agbada. Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le, mo sì ń jẹun, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Ẹ ní kí n máa kọ lẹ́tà, pé bí mo bá pè yín lórí fóònù, gbogbo ilé ẹ̀gẹ́ ló máa ń bá yín gbọ́ ọ. Mo gbà. Mo ń tẹ èyí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí i lórí Wasáàpù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé Ìgànná.

Mo ti rí iṣẹ́ nínú ọgbà ilé ìwé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wá. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin aláwọ̀ funfun kan tí kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ̀wé fún àwọn ajẹ́ńtì, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe àti ìgbà tí wọn yóò ṣe é. Ẹ ò sì ní gbà á gbọ́: ọ̀kan nínú wa, Success, ọmọ Ìsẹ́yìn ni! Olùkọ́ ni ìyá rẹ̀. Ọdún kẹta ló wà. Nígbà tí mo sọ ìlú mi fún un, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ará Ìgànná! Ọ̀nà yín ṣì pupa bíi ti àná, àbí wọ́n ti bá yín da ọ̀dà sí i?" Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Òun ló fi ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì hàn mí, òun ló yá mi ní ẹ̀wù òtútù.

Ìyá mi, ó ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ṣì mí mú. Èmi nìkan ni ọmọ ọdún kìíní láàrin wọn. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, màá kọ́kọ́ wo ojú Success kí n tó lanu. Ẹ bá mi sọ ọ́ sínú àdúrà. Ẹ ya fọ́tò àgbàlá wa fún mi pẹ̀lú, kí n máa wò ó.

Ọmọ yín tí òtútù ń bá jà,
Sodiqat.


Ìgànná,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 2025.

Sodiqat, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àlékùm sàláámù. Ilé kí ọ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti sàn. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, oúnjẹ kò sì gba ọ̀fun mi kọjá láti ìgbà náà.

Ajẹ́ńtì wo? Ajẹ́ńtì wo, Sodiqat? Ṣé o ti gbàgbé Misturat, ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa ni? Ajẹ́ńtì ló ní òun yóò mú un lọ ṣiṣẹ́ ilé ní ìlú àwọn Lárúbáwá. Ọdún méjì gbáko ni a ò gbóhùn rẹ̀, ohùn tí a sì wá gbọ́ kì í ṣe ohùn ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ìwé ni wọ́n kọ fún un tó tẹ̀ka sí. Ìwọ wá ní ìwọ lò ń kọ̀wé fún wọn. Ọmọ ta ni ìwé náà fẹ́ gbé lọ? O ní ọ̀gá yín kì í pariwo. Ajẹ́ńtì Misturat náà kì í pariwo. Ó jókòó lórí àga wa níbí, ó jẹ àsáró, ó ní ata rẹ̀ dọ́gba.

Mi ò tí ì sọ fún bàbá rẹ. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ, tí o kò sì lè sọ ọ́ síta, kọ "gààrí ti tán" sí mi, má kọ nǹkan mìíràn. Èmi yóò mọ ohun tí n ó ṣe.

Dáhùn kíákíá.
Ìyá rẹ, Àmọ̀kẹ́.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 2025.

Ìyá mi,

Gààrí kò tán o! Gààrí pọ̀ jaburata, pásípọ́ọ̀tù mi sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi, nítorí èmi ni mi ò ṣàlàyé. Mo lo ọ̀rọ̀ kan tó yé èmi, mo rò pé ó ti yé yín.

Ajẹ́ńtì tí mo ń sọ kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ ni, inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Òun ni wọ́n ń pè ní AI, ẹ ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Torí pé a lè rán an níṣẹ́ kó sì jẹ́ ẹ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní ajẹ́ńtì.

Ọ́fíìsì wa ló ń tọ́jú ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, tàbí tí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́, fi ń béèrè ìrànwọ́ nígbà ìdánwò. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ nínú ètò náà, a ó kọ ọ́ sórí káàdì: ta ló rí i, ta ni yóò tún un ṣe, ibo ni iṣẹ́ dé. Gbogbo káàdì náà wà lórí pátákó kan nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ yìí ló ń bá wa tọ́jú pátákó náà, wọ́n sì fún un ní irinṣẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ọ̀kan ń ṣí káàdì tuntun, ọ̀kan ń gbé káàdì fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni àlàyé wà. Àlàyé yẹn nìkan ni ẹ̀rọ ń kà kó tó yan èyí tí yóò lò. Kò mọ̀ wá, kò bá wa gbé rí, kò sì ní béèrè ohun tí a kò kọ. Ó dà bí ìgbà tí àlejò bá wọ ilé ìdáná yín, tí ẹ ò sí nílé, tó wá ń ka ohun tó wà lára ike kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mò ń kọ ohun tó wà lára ike.

Ọ̀gá ní àlàyé mi dára, pé kò gùn. Success ní mò ń kọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ́n lọ́jà. Ní Jímọ̀ mo sọ ìtàn Jẹ́ẹ́dé Mo-kà-á, òṣìṣẹ́ àtijọ́ ilé ẹ̀gẹ́ wa, fún un, bí ó ṣe gbé ike tí kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀, tó mu oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko, tó tún ń bá ayé jiyàn pé òun kà á. A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá.

Ẹ jẹun, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ẹni tó gbé ọmọ yín lọ.
Sodiqat.


Ìgànná,
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, 2025.

Sodiqat,

Alihamudulilai. Mo ti jẹun. Máàsì, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú wa, wó, ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi sí, ìyẹn ló fà á tí o kò fi gbúròó mi. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹ̀gẹ́ tí a sá. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ já lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọjọ́ mẹ́rin.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí àlejò inú kọ̀ǹpútà yẹn bá ṣi nǹkan mú, ta ni wọn yóò dá lẹ́bi? Ṣé òun ni, àbí ẹni tó rán an, àbí ẹni tó kọ ohun tó wà lára ike? Rò ó dáadáa kí o tó dá mi lóhùn.

Má fi Jẹ́ẹ́dé ṣe àpárá mọ́. Má bi mí pé kí ló dé. Ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́ fífún ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ wa fún ọdún mẹ́fà, kò sì bá wa ní gbólóhùn asọ̀ rí. Má ṣe é mọ́.

Bo etí rẹ bí o bá ń jáde. Kí Success náà.
Ìyá rẹ.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kọkànlá, 2025.

Ìyá mi,

Mo kí yín, mo kí Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá rí lẹ́tà yìí.

Ohun tí ẹ béèrè ti ṣẹlẹ̀ kí n tó dá yín lóhùn.

Irinṣẹ́ méjì kan wà tó jọra. Ọ̀kan ń kó káàdì pamọ́ sí ẹ̀yìn pátákó, ẹni tó bá nílò rẹ̀ lè lọ mú un. Èkejì ń pa káàdì rẹ́ pátápátá, ó di àwátì. Nígbà tí mo ń kọ àlàyé èkejì yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n "palẹ̀ mọ́" ti èdè wa ló wà lọ́kàn mi. Mo ní òun ni a fi ń palẹ̀ iṣẹ́ tí a ti lò tán mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní, "Sodiqat, palẹ̀ mọ́," màá fọ abọ́, màá gbálẹ̀, màá bo ọbẹ̀ tó kù. Ọmọ wo ló gbọ́ "palẹ̀ mọ́" nílé wa rí tó da ọbẹ̀ nù? Káàdì tí a ṣèèṣì kọ lẹ́ẹ̀mejì ni mo rò pé wọn yóò máa fi í pa rẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò kọ ìyẹn. Mi ò kọ ọ́ pé ohun tó bá bá a lọ kì í padà. Mi ò kọ ọ́ pé kó béèrè kó tó lò ó. Mo mọ gbogbo rẹ̀, mo sì rò pé mímọ̀ mi ti tó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Success ní kí ẹ̀rọ náà palẹ̀ àwọn iṣẹ́ tó ti parí mọ́. Ẹ̀rọ ka àlàyé mi, ó sì yan irinṣẹ́ náà. Káàdì ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá lọ. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláìríran ti kọ sílẹ̀ wà lára wọn, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀dà àwọn káàdì náà tí wọ́n fi pamọ́ kò kọjá oṣù kẹjọ.

Èyí tó burú jù kọ́ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó wá wo àlàyé náà, mo wọlé, mo tún un kọ. Mo fi kún un pé kò ṣeé dá padà, pé kò wà fún iṣẹ́ tó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà mí. Ojú ewé náà kì í tọ́jú orúkọ ẹni tó tún un ṣe. Nígbà tí ọ̀gá wa ṣí i, àlàyé tó mọ́ gaara ló bá níbẹ̀. Ó yíjú sí Success, ó ní, "Ṣé o kò ka èyí kí o tó rán an ni?" Success ní, "Kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Mo kà á. Mo kà á!" Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí iṣẹ́ tó rán ẹ̀rọ.

Wọ́n ní kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá. Wọ́n lè dá a dúró ní ilé ìwé, ilé ìwé ló sì so ìwé ìgbélùú rẹ̀ ró. Bí mo bá sọ òtítọ́, èmi ni yóò kàn, kì í sì í ṣe àṣìṣe nìkan ni wọn yóò kà sí mi lọ́rùn: mo tún bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n lè dá mi padà sílé kí n tó lo oṣù mẹ́rin.

Ẹ sọ ohun tí n ó ṣe.
Sodiqat.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, 2025.

Ìyá mi,

Ṣé ara yín le? Mi ò rí èsì. Mo rò pé máàsì ti tún wó.

Mo pàdé Success ní ilé ìkàwé lánàá. Ó ti rù. Ó bi mí pé, "Ará Ìgànná, ìwọ lo kọ ọ́. Rántí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún mi. Ṣé orí mi ló ń dàrú ni?" Mo ní mi ò rántí mọ́. Ó ní, "Ó dáa," ó sì rọra gbé báàgì rẹ̀. Kò bínú sí mi. Ì bá sàn bó bá bínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn.
Sodiqat.


Winnipeg,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá, 2025.

Ìyá mi,

Ẹ ti ka lẹ́tà mi méjèèjì. Mo rí àmì aláwọ̀ búlúù nídìí wọn, ti àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ló fà á, nígbà náà. Ẹ kàn dákẹ́ ni.

Ṣé ẹ ti kọ̀ mí ni?

Gààrí ti tán. Rárá o, pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ mi, ẹ má bẹ̀rù. Mi ò kàn mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè mú yín dá mi lóhùn ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá.

Sodiqat.


Ìgànná,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejìlá, 2025.

Àṣàkẹ́,

Mi ò kọ̀ ọ́. Ta ló ń kọ ọmọ? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, gààrí ọwọ́ mi jó, mi ò gbóòórùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí n ó ṣe kọ èyí. Mo ti fa ìwé mẹ́rin ya kí n tó ya fọ́tò èyí ránṣẹ́.

Ohun tí Success sọ níwájú ọ̀gá yín, mo ti gbọ́ ọ rí. "Mo kà á." Ẹnu Jẹ́ẹ́dé ni mo ti gbọ́ ọ, lórí ẹní, pẹ̀lú itọ́ tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

O rántí ọ̀sẹ̀ tí o lọ sí Ìsẹ́yìn fún ẹ̀kọ́ àfikún, nígbà tí o wà ní kíláàsì karùn-ún ilé ìwé girama. Kí o tó lọ, bàbá rẹ da oògùn koríko tó kù sínú ike omi. Mo ní kí o bá mi kọ ọ́ sí i lára pé oògùn koríko ni. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ kéré. O kọ OÒGÙN gàdàgbà, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, o sáré lọ di ẹrù rẹ. Mo rí i. Ó tó mi, nítorí èmi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sí kọ̀rọ̀, níbi tí mo máa ń gbé àgbo ibà sí. O mọ̀ pé inú irú ike yẹn náà ni àgbo ń wà.

Ọjọ́ kẹta tí o lọ, ibà mú Jẹ́ẹ́dé lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti lọ sí Ìlúà. Ó ti máa ń gbọ́ lẹ́nu mi pé, "Jẹ́ẹ́dé, oògùn wà ní kọ̀rọ̀, lọ bù mu." Ó wọlé. Ó rí ike. Ọdún kan ló fi lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà, ìwà fáàrí rẹ̀ nìyẹn, kì í rí àkọlé lára ògiri kó má kà á sókè. Ó kà á, Sodiqat. Ó kà á dáadáa.

Kí èrò tó pé, mo ti dé, mo sì ti ṣí ìwé náà kúrò lára ike. Mo jù ú sínú iná agbada. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, ìwọ lo ń bá wọn kọ àkọlé. Mo ní bí ó bá kú, wọn yóò ní ọmọ Àmọ̀kẹ́ ló pa á. Ike tí kò ní nǹkan kan lára ni àwọn ènìyàn bá nílẹ̀. Wọ́n ní òmùgọ̀ wo ló ń mu ohun tí kò mọ̀. Òun ń sọ pé, "Ó wà níbẹ̀, mo kà á," wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí o dé, mo sọ fún ọ pé ike mìíràn ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nílé ìwòsàn. Ọlọ́run kò pa á, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Kò lè wá síbi iṣẹ́ wa mọ́ nítorí ẹ̀sín. Èmi náà ti pè é ní Mo-kà-á rí, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí wọ́n má baà fura sí mi.

Mi ò kọ èyí láti pa ọ́ lára. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́ nígbà náà, èmi ni àgbà tó rí i tó sì dákẹ́. O ní kí n sọ ohun tí o máa ṣe. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́? Ohun tí o ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń ṣe é. Bí mo bá gbọ́ ìró ọ̀kadà Jẹ́ẹ́dé lójú ọ̀nà, inú ilé ni mo máa ń sá wọ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí pé kí wọ́n má lé ọ wálé. Ó tún ń bà mí ju bẹ́ẹ̀ lọ pé wọn ò ní lé ọ, o ó wà níbẹ̀, o ó sì dà bí èmi.

Àmọ̀kẹ́.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejìlá, 2025.

Ìyá mi,

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo sọ̀ níbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀ mi, mo sì dúró sínú yìnyín títí mi ò fi mọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́. Mo rántí ìwé kékeré yẹn. Mo rántí pé mo ní kí n fi "koríko" kún un, mo ní ààyè kò sí. Mo sì ti fi Jẹ́ẹ́dé dẹ́rìn-ín pa ènìyàn títí dé òkè òkun.

Inú bí mi sí yín fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ.

Success ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mi ò jókòó. Mo ní, "Orí rẹ kò dàrú. Ohun tí o sọ ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo yí i padà." Ó wò mí, ó wò mí. Ó ní, "Mo yá ọ ní ẹ̀wù." Mo bọ́ ẹ̀wù náà. Ó ní, "Wọ ẹ̀wù rẹ jàre, ṣé kí o tún kú mọ́ mi lọ́rùn ni?" Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín, kò sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo ka ọ̀rọ̀ náà láti inú ìwé tí mo ti kọ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ta lo kọ àlàyé yẹn fún?" Mo ní ẹ̀rọ ni. Ó ní rárá. Mo ronú títí, mo wá ní, "Mo kọ ọ́ fún ara mi." Ó ní ìyẹn ni àṣìṣe, àṣìṣe kò sì lé ènìyàn kúrò ní ilé ìwé. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ni òun kò lè bá mi gbé.

Wọ́n ti wọ́gi lé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Success, ó sì ti padà síbi iṣẹ́. Tèmi ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé lórí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní. Mi ò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Gbogbo wa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ń tọrọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ wọn, a sì ń kọ ọ́ padà. Títí di ọjọ́ ìgbìmọ̀ náà, ọ̀gá ní kí n tún àlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún kọ, kí Success máa kà á bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ó le koko, Ìyá mi! Bí mo bá kọ gbólóhùn kan, á ní, "Bí mo bá lo èyí sí ohun tí kò wà fún ńkọ́? Èwo ni kí n lò dípò rẹ̀? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?" Ibi tí a bá àlàyé irinṣẹ́ ìparẹ́ yẹn dé rèé:

"Irinṣẹ́ yìí ń pa káàdì rẹ́ títí láé. Kò sí ẹni tó lè dá a padà. Má ṣe lò ó nítorí pé iṣẹ́ kan ti parí. Irinṣẹ́ tí ń kó káàdì pamọ́ ni kí o lò fún ìyẹn. Káàdì tí a ṣèèṣì kọ lẹ́ẹ̀mejì nìkan ni a ń fi í pa rẹ́. Kí o tó lò ó, ka nọ́ńbà káàdì náà fún ẹni tó rán ọ, kí o sì dúró de èsì rẹ̀. Bí kò bá dá ọ lójú, má ṣe é."

Mi ò sùn dáadáa. Bí ilẹ̀kùn bá dún, mo máa ń rò pé àwọn tí yóò lé mi wálé ló dé. Ṣùgbọ́n mo lè wo ojú Success.

Ẹ bá mi kí Jẹ́ẹ́dé. Bí ẹ kò bá tíì lè kí i, ó yé mi.
Sodiqat.


Ìgànná,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejìlá, 2025.

Àṣàkẹ́,

Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti bó. Mo ka lẹ́tà rẹ fún bàbá rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì sọ tèmi fún un. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní, "Wọ ìborùn rẹ, ká lọ."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. Mo kúnlẹ̀ ní àgbàlá Jẹ́ẹ́dé, lójú àwọn tó wá ra iṣu lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò fi ewé bò ó. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìyá Sodiqat, ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bú ọkọ mi pé kò lójú." Ó wọlé, kò sì jáde mọ́ títí a fi lọ. Mi ò mọ̀ bóyá yóò yọ́nú sí mi láyé yìí. Jẹ́ẹ́dé kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo padà sílé, mo gé páálí ńlá, mo sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣèdánwò. Mo ń bi ara mi ní ìbéèrè Success. Mo gbé ike oògùn koríko kúrò ní kọ̀rọ̀ pátápátá, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í sínú àpótí, mo sì kan páálí náà mọ́ àpótí lára.

Lánàá, Jẹ́ẹ́dé wá. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró níwájú ilé ẹ̀gẹ́, ó wọlé láì kí ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà sí ìdí àpótí. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ gbójú sókè. Adéwùmí tó ń rin ẹ̀gẹ́ ní, "Mo-kà-á, ṣé o tún fẹ́ mu ún ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ló ń rín in, ó sì pa ẹ̀rọ.

Jẹ́ẹ́dé fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. O mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí báyìí, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi àfọ́kù ha ìdí ìkòkò. Ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì:

"Oògùn tí ń pa koríko ló wà níbí. Kì í ṣe àgbo. Ènìyàn kì í mu ún, ènìyàn kì í fi para. Ó ń pa ènìyàn. Bí ara bá ń dùn ọ́, má ṣí àpótí yìí, pe Àmọ̀kẹ́. Bí Àmọ̀kẹ́ kò bá sí nílé, dúró dè é. Àmọ̀kẹ́ ló kọ ọ́."

Ó padà sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, ó tún un kà sínú. Ó yíjú sí àwọn tó wà níbẹ̀, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Adéwùmí náà. Lẹ́yìn náà ló wo èmi.

Ó ní, "Mo kà á."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ tí ń ka ọjọ́ dé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní,
Àmọ̀kẹ́.